Ọjọ́ tí Bàbá Mi Mú Wa Lọ Wo Eré

Mo ṣì kéré nígbà náà, eyín iwájú mi méjì ti ká, àwọn tuntun ò sì tíì hù tán. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó bíi tèmi, ẹ ó rántí pé àwọn bàbá wa kì í mú ìyàwó àti ọmọ jáde lásán. Bí kì í bá ṣe ọdún Iléyá tàbí ìsọmọlórúkọ, ilé la máa ń wà. Télọ̀ ni bàbá mi, ẹ̀yìn Ìgá Ìdúngànrán ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, wọn a sì máa sọ pé àwọn ò mọ ohun tí ènìyàn ń wá kiri tí kò sí nínú ilé rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi yà wá lẹ́nu nígbà tí wọ́n wọlé lọ́sàn-án Sátidé kan, tí wọ́n ní ká lọ wẹ̀, ká wọṣọ, àwọn eléré kan fẹ́ ṣeré ní pápá ilé-ìwé kan ní Pópó Àgùdà. Wọ́n ní Ìyá Àgbà, ìyá tó bí wọn, náà ń bá wa lọ.

Inú màmá mi ò dùn rárá. Bí wọ́n ṣe ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn mi, ńṣe ló dà bí ẹni ń họ ìpẹ́ ẹja. Wọ́n ní, “Bàbá ẹ tí wọn kì í jáde! Wọ́n fá irùngbọ̀n, wọ́n tún fín lọ́fíńdà. Máa wo ojú wọn dáadáa o. Ibi tí wọ́n bá ń wò, wá sọ fún mi.”

Mi ò mọ ohun tí màmá mi ń fura sí, ṣùgbọ́n mo gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn.

Àpótí ìjókòó tiwa la gbé dání. Bàbá ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi, ó pọ̀ ju bí wọ́n ṣe máa ń rà á lọ, Màmá sì tún wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan jáde tó ń ṣe ìyálé burúkú. Ẹfun ló fi kun gbogbo ojú rẹ̀, ó fi èédú ya ìpéǹpéjú. Gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà tiẹ̀ ń fi ìborùn nu omijé ẹ̀rín, wọ́n ń pariwo pé, “Obìnrin yìí ò ní pa mí!”

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹjú mọ́ obìnrin náà, òógùn bò wọ́n. Mo yọ́ lọ bá Màmá, mo ní, “Ìyá olójú funfun yẹn ni wọ́n ń wò.”

“Mo mọ̀!” ni Màmá wí.

Lójijì ni ojú ọ̀run ṣú. Òjò oṣù keje ò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni; ńṣe ló dà sí wa lórí bí ẹni tú àmù. Gbogbo èrò gbé àpótí, wọ́n sá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé. Agbòòrùn kan ṣoṣo la mú wá. Bàbá já a gbà, wọ́n sá kọjá lára èmi àti màmá mi, wọ́n lọ fi bo obìnrin eléré náà lórí.

“Ìyá, ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín ń ṣe!” Màmá ti ń tún ìró so. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí obìnrin Èkó máa ń ṣe tó bá ti tún ìró so.

Àmọ́ kó tó dọ̀rọ̀ ìjà, Bàbá ti mú obìnrin náà dé iwájú wa. Òjò ti ṣan ẹfun àti èédú kúrò lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n tún un wò.

“Sìkírátù?”

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú omi. “Èmi ni, Màámi.”

Àbúrò bàbá mi ni. Kí màmá mi tó wọ ilé wa ló ti bá àwọn eléré lọ, Ìyá Àgbà sì ti búra pé àwọn ò bí alágbe. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ní àǹtí.

Òjò ń lu páànù, gbogbo èrò ń wò wá bí ẹni pé àwa ni eré kù sí lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ní, “Ṣé ìwọ ni mo ń rín látàárọ̀?” Wọ́n tú ìborùn, wọ́n di orí ọmọ wọn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹfun tó kù lójú rẹ̀, wọ́n ń nù ún tagbáratagbára. “O ti rù. Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni?”

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Sìkírátù bú sẹ́kún.

Màmá bi Bàbá pé, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ fún ọ, ìyá mi á gbọ́. Bí wọ́n bá gbọ́, ṣé wọ́n á wá?”

Màmá kàn ní, “Lọ́fíńdà ńkọ́?”

“Ṣé kí n máa rùn lọ bá àbúrò mi ni?”

Àǹtí Sìkírátù ò fi eré sílẹ̀, Ìyá Àgbà ò sì ní kó fi í sílẹ̀. Wọ́n kàn ní tó bá ti wà l'Ékòó, kó máa wá jẹun lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì ń wá títí Ìyá Àgbà fi kú.

Lónìí, inú fóònù ni eré wà. Ọmọ mi ń wo tiẹ̀ ní yàrá, èmi náà ń wo tèmi ní pálọ̀, òjò ì báà rọ̀ mọ́jú, kò kàn wá. Inú fóònù náà la sì ti ń bára wa jà. Láti Iléyá tó kọjá ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ò ti bára wa sọ̀rọ̀. Ó dí mi lọ́nà lórí fóònù rẹ̀, èmi náà dí i lórí tèmi. Ilé rẹ̀ ò jìnnà sí gbàgede Tinúbú, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Mi ò tíì lọ.