Àwẹ̀ Ẹṣin Mi ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu

Àga mọ́tò ni mò ń rán jẹun ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ṣùgbọ́n ẹṣin ni mo fẹ́ràn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi nípa rẹ̀. Mo ka ohun tí mo bá rí kà lórí fóònù, mo wo fídíò àwọn tó ń gé pátákò ẹṣin, mo sì lọ bá àwọn ẹlẹ́ṣin ní Ìlọrin, mo ń bi wọ́n ní ìbéèrè títí wọ́n fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn jẹun. Gàárì abo ẹṣin mi, èmi ni mo rán an. Awọ àga mọ́tò àti fóòmù ni mo fi rán an, mo sì fi àyè sílẹ̀ láàárín kí ó má baà tẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹṣin pupa ni, ó ní àmì funfun níwájú orí bí ẹni tí ẹfun kán sí. Kò sí ẹlòmíràn tó ní ẹṣin ládùúgbò wa, nítorí náà ẹṣin gbogbo ìlú ni. Ní Sọ́ńdè Imọ̀-Ọ̀pẹ, nígbà tí ìjọ wa bá ń rántí bí Jésù ṣe wọ Jerúsálẹ́mù, òun ló máa ń gbé àlùfáà láti pápá ilé ẹ̀kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. A kò ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn ọmọdé á máa pariwo pé, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́! Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́!" Òun náà á sì na etí síwájú bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn Kérésìmesì tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé ìrìn rẹ̀ yí padà. Ẹni tí kò mọ ẹṣin, ẹsẹ̀ ló máa wò. Orí ló yẹ kí ó wò. Bí ẹsẹ̀ iwájú kan bá ń dun ẹṣin, orí rẹ̀ á lọ sókè nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá kanlẹ̀, á sì wálẹ̀ nígbà tí èyí tó dá ṣáká bá kanlẹ̀. Mo ní kí màmá mi fà á rìn lórí títì ọlọ́dà, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń wò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Àárọ̀ ló máa ń le jù. Bí ó bá ti rìn díẹ̀, ara rẹ̀ á tú.

Dókítà ẹran wá láti Ìkọ̀lé. Ó ká orúnkún náà, ó tún un ká, ó sì gbé etí sún mọ́ ọn.

"Àrọ̀mọ́léegun ni," ó ní. "Kì í lọ o. Bí ẹ ṣe máa bá a gbé ni ká jọ sọ."

Mo bi í bóyá ó ṣì lè gbé àlùfáà ní Sọ́ńdè Imọ̀-Ọ̀pẹ.

"Mo lè fún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò ní tiro rárá. Ṣùgbọ́n ìrora yẹn ló ń sọ fún un pé kó rọra. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́, á fi ẹsẹ̀ náà ṣe ohun tí kò yẹ." Ó wá fi ọwọ́ gbá a nínú pẹ́pẹ́. "Kí lẹ fi ń bọ́ ọ? Ó ti sanra jù. Orúnkún yìí ló ń ru gbogbo rẹ̀."

Iṣu ni. Ìjẹ̀ṣà-Iṣu la wà. Ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ á yà sọ́dọ̀ rẹ̀, á bẹ́ orí iṣu fún un. Ẹni tó bá gún iyán á kó èèpo wá. Ìfẹ́ ni. Nílùú wa, bí o bá sọ pé o fẹ́ràn ẹnì kan tí o kò fún un níṣu, ìfẹ́ ẹnu lásán ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi fáìlì irin rẹ́ iwájú pátákò rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè máa yí síwájú wẹ́rẹ́. Mo da ẹ̀rún pákó sílẹ̀ ibùsùn rẹ̀ kí ó nípọn. N kò so ó mọ́ èèkàn mọ́, nítorí ìdúró lójú kan ló ń mú kí oríkèé le. Láràárọ̀ ni mò ń fà á rìn lórí ilẹ̀ pupa, n kò gun ún. Ṣùgbọ́n ti iṣu? Mo ṣàlàyé fáwọn aládùúgbò títí ẹnu mi fi bó. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ó mà ṣe o," wọ́n á sì fún un níṣu nítorí pé ó ń ṣàìsàn. Màmá mi pàápàá, mo ká a mọ́ ọn.

"Màmá, orúnkún rẹ̀ o!"

"Orúnkún tèmi náà ń dùn mí. Ta ló gba uṣu lẹ́nu mi? Kó má ṣe wá sí ọ lọ́kàn o."

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ó bá ń bá a lọ báyìí, kì í ṣe pé kò ní ṣeé gùn nìkan, rírìn pàápàá lè di ìṣòro. Mo lọ bá àlùfáà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ọ̀kadà wá ni kí n gùn wọ Jerúsálẹ́mù?" ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú àwẹ̀ Lẹ́ńtì, ó dìde láti ṣe ìkéde. "Ẹ̀yin ará, ẹṣin wa ti bá wa wọ àwẹ̀. Ẹni tó bá fún un níṣu, ó ti ba àwẹ̀ rẹ̀ jẹ́."

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, iṣu dáwọ́ dúró. Ohun tí àrọ̀mọ́léegun kò lè ṣe, àwẹ̀ ṣe é. Bàbá kan tó ru iṣu ti oko dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wí fún ẹṣin pé, "Pẹ̀lẹ́ o, arábìnrin. Olúwa á gbà á," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Màmá mi ń kùn pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ẹṣin dá, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń bá mi gé koríko. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn kan á tún gbé àwo iṣu wá.

"Ṣé kò ní ṣínu ni?"

Mo ní koríko ni wọ́n fi ń ṣínu àwẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ojú wọn kò dùn sí mi.

Kí Sọ́ńdè Imọ̀-Ọ̀pẹ tó dé, mo ní láti lu ihò tuntun sára ìgbànú gàárì, nítorí ikùn rẹ̀ ti fà. Orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè mọ́ bí ó bá ń rìn. Dókítà pè mí nípa abẹ́rẹ́. Mo ní rárá. Mo fẹ́ kí ó máa gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ. Mo sì bá àlùfáà ṣe àdéhùn pé á gùn ún níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, á sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí bí ẹṣin bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ni gbogbo ẹrù máa ń rọ́ lé.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo dá ẹṣin dúró. Àlùfáà ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá gàárì nígbà tí màmá mi figbe ta láàárín èrò.

"Ẹ má sọ̀, Àlùfáà! Jésù kò sọ̀!"

"Màmá, Jésù kò ní ikùn bíi tèmi."

Ẹ̀rín ta lọ sẹ́yìn títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Àlùfáà tún agbádá funfun rẹ̀ ṣe, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, gàárì ṣófo. Ẹṣin mi ń yan ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn akọrin gbìyànjú láti yára, wọ́n rí i pé àwọn máa tó kọjá rẹ̀, wọ́n bá fa Hòsánnà gùn. Ní ìdajì ọ̀nà, ó dúró, ó na ọrùn, ó sì já imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ màmá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. N kò fa ìjánu. Gbogbo ìjọ dúró dè é.