Ọjọ́ Tí Àwọn Ọkọ Di Agbẹnusọ Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ohun tí ojú mi rí ní Ìkòròdú nìyí, lọ́dún kan tí wọ́n fẹ́ dìbò gómìnà àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo wa. Mi ò sọ ọ́ ní gbangba rí, torí ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Benson nígbà náà, létí títì, níbi tí ariwo àwọn tó ń pèrò sọ́kọ̀ kì í ti í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn máṣínì ara rẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun ni wá, èmi àti àbúrò mi Ráfátù. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé Ìkòròdú, mo gba yàrá, mo ní kó wá bá mi. Kò pẹ́ tó dé ló pàdé Múfútàú, ọmọ Ìkòròdú gan-an, tó ń la pákó. Wọ́n fẹ́ra wọn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kò burú. Kì í na ìyàwó, kì í mutí, kì í sì í fi oúnjẹ dun ọmọ rẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin ni Ráfátù bí fún un. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àwọn méjì tó kẹ́yìn jáde, ìkẹrin yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, dókítà mú un jókòó, ó ní ilé ọmọ rẹ̀ kò lè gba oyún mìíràn mọ́. Ó ní tó bá tún lóyún, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa là á já. Mo wà níbẹ̀, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni!

Ráfátù lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò wọn pé òun fẹ́ ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ gbé káàdì jáde, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀, nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ó ní, "Ọkọ ẹ dà?" Ráfátù ní ó wà níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ mú un wá kó wá sáìn, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò ní fọwọ́ kàn án.

Múfútàú kọ̀. Ó ní ìyàwó ọ̀rẹ́ òun kan ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ò dá lára ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó tún ní tí òun bá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé òun ní kí ìyàwó òun máa rìn bó ṣe wù ú nìyẹn. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀. Èmi! Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún! Ó sáré fà mí dìde, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ lójú ayé." Ó ra mínírà fún mi, ó sìn mí dé ojú títì. Kò sáìn.

Ẹ máa ní ṣé ibòmíràn ò sí ni. A débẹ̀! Ẹni tó ń ta oògùn fún un ní oníhóró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè, orí ń fọ́ ọ títí kò lè gbé ojú sókè. Ọsibítù aládàáni tí a lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ọkọ dà? Mo tilẹ̀ ní kí a wá ọkùnrin kan tó máa ṣe bí ọkọ. Ráfátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, nọ́ọ̀sì yẹn àti Múfú jọ kéwú lọ́dọ̀ áfáà kan náà ni!"

Ni mo bá fúnra mi lọ bá nọ́ọ̀sì. Ìjà ni mo múra lọ jà, mo ti ká gèlè mi sílé. Obìnrin náà kàn wò mí ni, ó ní òun náà kò fẹ́ràn ẹ̀, pé bí òun ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn, pé ọkọ kan ti wá fọ́ wíńdò wọn rí nítorí wọn ò bi í. Ó ní tí ìwé bá wá láti Aláùsá, lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, pé obìnrin lè sáìn fúnra rẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ìwé láti Aláùsá! Ta ni mo mọ̀ ní Aláùsá?

Ibi tí ìrètí mi dé dúró nìyẹn, àfìgbà tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wá ìbò fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé ànkárá wá fún ẹgbẹ́ obìnrin wọ́ọ̀dù wa. Gbogbo wa ti ń pè é ní Ọnórébù kó tó wọlé rárá. Èmi ni wọ́n ní kí n rán aṣọ náà. Bí mo ṣe ń wọn àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń sọ fún wọn pé ẹ jẹ́ ká sọ fún ọkùnrin yìí pé aṣọ kọ́ la fẹ́, ìwé ni. Kó ṣèlérí níwájú gbogbo wa pé tí òun bá wọlé, òun á béèrè fún un.

Wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ obìnrin tí téèpù télọ̀ wà nídìí ẹ̀ kì í pẹ́ sọ òótọ́. Ọ̀kan ní inú gàrí lòun ń kó oògùn òun pa mọ́ sí. Ọ̀kan sọ ibi tí òun ti lọ ṣẹ́yún lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè tún un sọ níbí. Kí n tó gé aṣọ náà tán, obìnrin tó ju ogójì lọ ti tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ sí Ọnórébù!

Àlájà tó jẹ́ olórí wa, ìyá àgbà, ọmọ bíbí Ìkòròdú, ní òun fara mọ́ ọn. Ó ní kí n pe àwọn èèyàn Ọnórébù, kó wá bá wa jókòó ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n má tíì mú ọjọ́ o. Orò ti ń sún mọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn àgbà."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ọlọ́gbọ́n ṣe.

Ẹni tó ń bá Ọnórébù mú ọjọ́ pè mí lórí fóònù, ó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni tàbí kó di ẹ̀yìn ìbò. Mo ní tí mo bá ní kó dúró, ó máa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní Ọjọ́bọ̀ dáa. Mi ò béèrè lọ́wọ́ Àlájà, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ọkàn mi, kí ló kan télọ̀ ará Ọ̀ṣun nínú Orò Ìkòròdú?

Lọ́jọ́ Àìkú ni ìkéde dé. Orò ń jáde ní Ọjọ́bọ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí obìnrin kankan má ṣe yọjú síta!

Mo pe ẹni tó ń bá Ọnórébù mú ọjọ́ náà títí káàdì mi fi tán. Ọjọ́rú ni mo tó rí i bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Madam, no problem." Ó ní Ọnórébù ò ní ọjọ́ míì, pé àwọn ọkọ wa máa wà níbẹ̀, wọ́n á bá wa sọ ọ́. Mo lọ sọ fún Àlájà. Kò bú mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ ara ẹ lo fi ti gbogbo wa mọ́lé." Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn.

Lọ́jọ́ náà, ilé Ráfátù ni mo wà. A ti fèrèsé, a tìlẹ̀kùn. Ó ń ṣa ẹ̀wà, èmi ń rìn káàkiri pálọ̀, ìwé tí àwọn obìnrin tẹ̀ka sí wà lórí tábìlì. Gbọ̀ngàn yẹn ò jìnnà sílé wọn rárá!

Nírọ̀lẹ́, tí Orò ti wọlé, Múfútàú dé tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Àǹtí, a ti bá yín sọ ọ́ o!" Ó ní wọ́n béèrè kànga ẹ̀rọ fún wa. Òun fúnra òun sì dìde, òun sọ fún Ọnórébù pé àwọn kan ń wá bí wọ́n ṣe máa yọ ọwọ́ ọkọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ́sibítù, pé àwọn obìnrin àdúgbò yìí ò fẹ́ ẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọnórébù ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè, kò sẹ́ni tó máa gba ilé ọkùnrin lọ́wọ́ rẹ̀.

Ráfátù ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Èmi ńkọ́? Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo wọ yàrá àwọn ọmọ lọ, mo fi ìrọ̀rí dí ẹnu mi, mo sunkún.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé gbogbo àwọn tó ń díje nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Ọnórébù máa ṣe ìpolongo ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní a máa lọ bá a níbẹ̀. Èmi àti Ráfátù wọ bọ́ọ̀sì. A kọjá Ìmọ́tà, nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí Ejinrin, ó ní kí awakọ̀ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bì sínú koríko. Mo dì í mú lẹ́yìn, mo sì mọ̀. Mo mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ rárá.

Ó ní, "Ó ti pé oṣù méjì, Àǹtí mi."

Mo ní kí á padà sílé. Ó fi etí ìró nu ẹnu, ó ní òun bí ọmọbìnrin méjì, nítorí tiwọn kí á máa lọ.

Ní Ẹ̀pẹ́, oòrùn pa wá láti òwúrọ̀. Nígbà tí Ọnórébù sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, èrò ń tì wá síbí, wọ́n ń tì wá sọ́hùn-ún. Mi ò mọ bí Ráfátù ṣe ṣe é, àfi bí mo ṣe rí i tó di agbádá ọkùnrin náà mú! Ó ní, "Ẹ̀yin sà, èmi ni wọ́n sọ fún yín pé mi ò fẹ́. Mo fẹ́ ẹ o. Wọ́n tì mí mọ́lé lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ ni." Ọnórébù wojú rẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó tì í bọ àpò. Ó ní lẹ́yìn ìbò, lẹ́yìn ìbò.

Ó wọlé. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Oyún náà pé oṣù méje. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ibi tí Ráfátù ti ń wẹ ọmọ rẹ̀ ló ti ṣubú. A gbé e dé ọsibítù, Múfútàú sáré dé láti ibi iṣẹ́, ìyẹ̀fun pákó wà ní gbogbo orí rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé iṣẹ́ abẹ wá. Nọ́ọ̀sì ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti sáìn. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀jẹ̀ wá, ó sáìn. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, wọ́n gbé ìwé mìíràn wá. Ó gbé bírò dání, ó bi mí pé, "Àǹtí, èyí ńkọ́? Ti kí ni?"

Ìwé tí wọ́n fi ń gba òkú ni. Ráfátù ti lọ, òun àti ọmọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bínú sí Múfútàú débi pé mi ò lè jókòó síbi tó wà. Mo bínú sí Ọnórébù. Èyí tí mo bínú sí ara mi ló pọ̀ jù, nítorí Ọjọ́bọ̀ yẹn. Àlájà ló wá sọ pé kí á má kàn jókòó máa sunkún. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó kó wa lọ sí ọ́fíìsì Ọnórébù, obìnrin bí ọgbọ̀n, a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ó fi dé. Ìwé láti Aláùsá jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn náà. Mi ò mọ̀ bóyá tiwa ni, àbí ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ló ti ń pariwo níbòmíràn. Nọ́ọ̀sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bó ṣe wí.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé Múfútàú tẹ̀ lé wa lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn. A ò pè é. Ó dìde láàárín gbogbo obìnrin náà, ó ní, "Ọnórébù, èmi ni mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí pé wọn ò fẹ́ ẹ. Mo wá gba ọ̀rọ̀ mi padà."

Ọnórébù ní ṣé ìyàwó rẹ̀ ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní rárá. Ọnórébù ní kí ni ìyàwó rẹ̀ wá sọ nígbà tó bi í?

Múfútàú wolẹ̀. Ó ní, "Mi ò bi í."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn, mi ò ní òmíràn. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ, wà níbẹ̀, kí o sì fara balẹ̀ mú ọjọ́ tí wàá lè wà níbẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, ta ló ti bá yín sọ ohun tí ẹ ò rán an? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa, ẹ má tijú. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ́kọ́ lọ bi ìyàwó yín ná lónìí, ó wà nínú ilé. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ ohun tó sọ fún wa.