Ọjọ́ Tí Mo Rán Táíwò Lọ Gba Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí wọ́n gún wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwé wa ní Bonabéri kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ Douala, ìlú wa, àṣẹ sì ti dé pé olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá gbà á kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì mọ́.

Wọ́n gún àwọn olùkọ́ tán, ó wá kan èmi, Kẹ́hìndé, àti Táíwò ìkejì mi. Màdáàmù, olórí ilé ìwé wa, ní, “Kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ bọ́ síwájú.” Táíwò yára nawọ́ sí mi. Àyà mi já! Nílé, èmi ni mo máa ń mú ẹja tó tóbi jù, torí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo wá lè sẹ́ ẹ? Mo gbáyà sókè, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Táíwò, lọ bá mi tọ́ èyí náà wò.”

Ó lọ, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, “Kò dunni rárá.” Mo fi ìgboyà na apá. Háà! Igbe tí mo ké fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá afárá odò Wouri.

Nígbà tí a fẹ́ jẹun alẹ́, Táíwò mú ẹja ńlá. “Ẹ̀gbọ́n, owó iṣẹ́ tí ẹ rán mi nìyí.”

Mo wo apá mi tó wú, mo sì mú ẹja kékeré.