Kòkó Àrínọlá Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi

Àrínọlá tí mò ń wí yìí, opó ni, ní Araromi-Obu. Ilé rẹ̀ àti ilé mi kọjú síra. Ìgbà ìjọba ṣọ́jà ni, nígbà tí ohun gbogbo gbówó lórí, tí à ń tò sórí ìlà ní Ore nítorí ọṣẹ lásán. Aṣọ funfun kan ṣoṣo ló ní, omi eérú ló sì fi ń fọ̀ ọ́. Síbẹ̀, kò sí Sọ́ńdè tí kì í wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń wá lọ síbẹ̀, òjò ìbáà máa rọ̀, ẹsẹ̀ ìbáà máa dùn ún.

Ó ní, "Ìyá Monílọ́lá, láti Mọ́ńdè, ilẹ̀ ni mò ń wò. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo máa ń gbójú sókè, mo máa ń rántí pé èmi náà ní Baba."

Lọ́dún ọ̀hún, òjò kò jẹ́ ká rí oòrùn. Kòkó tí Àrínọlá ti tú kúrò nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fi wé e kó lè kan kò gbẹ, ó ti fẹ́ máa bu. Bó bá bu, kò sẹ́ni tí yóò rà á, gbogbo ìkórè rẹ̀ sì nìyẹn. Àfi bí oòrùn ṣe là láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ó yára sá kòkó sórí ẹní, ó wẹ̀, ó wọ funfun rẹ̀.

Akínwọlé, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí Agbabu. Ó dúró. "Ìyàwó, jókòó ti kòkó yìí lónìí. Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀."

"Ọkọ mi, Ọlọ́run mọ̀ lóòótọ́. Èmi ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìlọ."

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Elizabeth, Ìyá Ìjọ wa, dá a dúró. "Àrínọlá, ìwọ lo sá kòkó lọ́jọ́ ìsinmi?"

"Ìyá Ìjọ, oòrùn ló ń ṣiṣẹ́. Èmi ti ń sinmi, ẹ wò mí."

A rẹ́rìn-ín. Elizabeth ò rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ Ọlọ́rundáre ń wàásù lọ́wọ́ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú. Lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ṣú, a kì í bi ara wa pé kòkó ta ni. Ẹni tó bá wà nítòsí ló ń kó o. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó lè kó o ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Àrínọlá di etí bẹ́ǹṣì mú, kò dìde. Èmi náà fẹ́ dìde, ẹ̀rù bà mí láti da ìsìn rú.

Níwájú, Elizabeth ló dìde. "Olùkọ́, ẹ dákun. Òjò yìí ò ní dúró de àmín."

Olùkọ́ wo ojú fèrèsé, ó pa Bíbélì dé. "Ẹ jẹ́ ká lọ. A ó parí ìsìn lọ́hùn-ún."

Bí a ṣe ká aṣọ sókè, tí a sáré lọ sílé Àrínọlá nìyẹn, àwọn akọrin pẹ̀lú ẹ̀wù gígùn wọn. A gbé ẹní tòun ti kòkó wọ abẹ́ àtíbàbà. Ẹní tó gbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni òjò dé.

A fún ara wa mọ́ àárín kòkó. Olùkọ́ tún bẹ̀rẹ̀ ìwàásù láti ibi tó ti dá a dúró, a kọrin, a gbàdúrà, ó súre fún wa. Òjò ò dá. Àrínọlá bá dáná, ó sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fún gbogbo wa.

Elizabeth jókòó sórí àpótí, omi kòkó ti ba léèsì rẹ̀ jẹ́. "Àrínọlá, èyí tó pọ́n yẹn ni kí o fún mi. Eyín mi ò gba líle mọ́."