Ọjọ́ Tí Mo Bọ́ Ẹ̀wù Ọ̀bẹ

Òórùn káún tó ń hó nínú ìkòkò kò kúrò nímú mi títí dòní. Ní Ugbonla ni, lásìkò tí ìjà orí omi kò jẹ́ kí ọkọ̀ lọ kó bọ̀ bó ṣe wù ú. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, Igbókòdá ni wọ́n ti gbé mi wá, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀.

Ìyá ọkọ mi ra ọ̀bẹ gígùn kan tí a ó máa fi la ẹja tí a fẹ́ yan. Bí mo ti gbà á báyìí, ẹja mẹ́ta ni mo fi là, gbogbo rẹ̀ sì ń rùn bí ọ̀dà. Ìyá gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, wọ́n kùn ún kó má baà dípẹtà nínú ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ̀wù rẹ̀ nìyẹn. Bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀ kí o tó fi í ṣiṣẹ́."

Ó ní kí n se káún, kí n ki irin rẹ̀ nìkan bọ omi gbígbóná náà, kí omi má kan èèkù igi. Tí mo bá ṣe tán, kí n nù ún gbẹ, kí n fi epo pa á, nítorí atẹ́gùn òkun wa kì í bá irin ṣọ̀rẹ́. Nígbà tó yá, ohun dídán bíi fánísì tó wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí awọ ejò. Mo jókòó sórí pákó ẹ̀yìnkùlé, mo gbé e lé itan, mo ń fi àkísà àti eérú họ èyí tó kù, oòrùn àárọ̀ sì ń kọ mànà lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni aya aládùúgbò wa bá mi. Ọmọ òdìkejì omi ni, ọmọ àwọn tí àwọn ènìyàn wa ń bá jà. Ó ti fẹ́ ọkọ rẹ̀ ní Ugbonla kí ìjà tó dé. Ọkọ náà ti lọ sójú òkun. Òun pọn ọmọ jòjòló wọn, tí mo máa ń bá a pọ̀n nígbà mìíràn.

"Ìyàwó, kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ tó tóbi báyìí ṣe?"

Àwàdà ló yọ sí mi lẹ́nu. "Ẹ ò mọ̀ ni? Ogun la ń tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀ dè."

Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbàgbé nǹkan sórí iná, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tí Ìyá fi pariwo níwájú ilé. Obìnrin náà ti wà nínú ọkọ̀, òun nìkan pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó kọjú sí ibi tí àwọn oníbọn ìhà méjèèjì ti ń ṣọ́ ara wọn. Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ. Ìyá kò bú mi.

"Ẹyin lọ̀rọ̀," ló wí, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mú àjẹ̀."

Bí a ti ń sún mọ́ ọn ni òun náà ń wa ọkọ̀ kíkankíkan. Ni Ìyá bá ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó dìde dúró nínú ọkọ̀ tó ń mì, ó na ọwọ́ méjèèjì síta.

"Ọwọ́ yìí ni mo fi gba ọmọ yẹn nígbà tí o bí i! Ṣé òun náà ni n ó fi pa á?"

Obìnrin náà dúró. Mo kúnlẹ̀ sínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mo ròyìn ẹja, ọ̀dà àti káún fún un láìmú ọ̀kan kù.

"Ìwọ lè fi ọ̀rọ̀ ogun ṣeré," ni obìnrin náà wí. "Bí èmi bá fi í ṣeré níbí, ta ni yóò rẹ́rìn-ín?"

Ó bá wa padà. Ìyá kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Ìjà parí, èmi àti obìnrin náà jọ ń yan ẹja, a jọ ń jẹun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ ti wù kó pọ̀ tó lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé ọmọ rẹ̀ fún mi mọ́. N kò bi í léèrè. Ọmọ náà ti di baba ọmọ báyìí, ó sì máa ń kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Mo ti pọn ọmọ ọlọ́mọ púpọ̀ láti ìgbà yẹn. Ti obìnrin náà nìkan ni wọn kò tún gbé lé mi lẹ́yìn.