Olùkọ́ Tí Kì í Fagi Lé Ìdáhùn Àgbà

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Nínú kíláàsì, ó ku èmi, Alhaji tó ń ta fóònù, àti ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní Yeoville fún mátíríìkì àwọn àgbà, ìyẹn ìdánwò àṣejáde girama. Ọjọ́ kejì ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni olùkọ́ wa. Kò lè fagi lé ìdáhùn ẹni tó tó bàbá rẹ̀. Bí mo bá ṣì í, á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ó ń bọ̀ lọ́nà, Daddy."

Alhaji á ní, "Ṣé Durban ló ti ń bọ̀ ni?"

Ó máa ń yin Gẹ̀ẹ́sì mi náà. Mi ò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́, mi ò sì fẹ́ fìdí rẹmi lọ́jọ́ ogbó. Mo ní, "Tíṣà, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n fi ìṣirò kún Gẹ̀ẹ́sì tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún?"

Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ìṣirò yín kò tíì dára rárá. Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀."

Alhaji pariwo, "Eish! Ọkọ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà!"

Inú mi dùn. Ẹni tó lè sọ èyí fún mi kò lè parọ́ nípa Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ takisí lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò ní Randburg, mo forúkọ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan.