Bùbá Olókùn Ẹ̀gbẹ́

Olójúkòkòrò ni mí. Ti owó kọ́, ti oúnjẹ kọ́. Aṣọ ọrùn ẹlòmíì ni ojú mi máa ń wọ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá, gbogbo sítáìlì tí àwọn èèyàn fi mọ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú títì ni mo ti kó wọn. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa ra kàlẹ́ńdà sítáìlì lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á tún máa wo fóònù títí ojú wọn á fi pọ́n. Èmi ò rí nǹkan kan wò níbẹ̀. Àwọn obìnrin inú kàlẹ́ńdà yẹn ò kánjú lọ síbì kankan, wọn ò pọn ọmọ, wọn ò làágùn rí. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi sáré, kí ni mo fẹ́ kọ́ lára rẹ̀?

Láàárọ̀ Sátidé tí mo bá lọ ra òwú àti síìpù ní Ìkòtún, mo máa ń wá ibì kan dúró sí kí n lè máa wo èèyàn. Mo rí kọ́ńdọ́ ọkọ̀ èrò kan níbẹ̀ tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọrùn, tó ti etí rẹ̀ méjèèjì bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì. Mo sọ ọ́ di ọrùn kaba tí ìyàwó pásítọ̀ kan wọ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Agboòrùn ńlá tí àwọn tó ń ta káàdì fóònù máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ló kọ́ mi bí síkẹ́ẹ̀tì aláwẹ́ mẹ́jọ ṣe ń tú ká. Ní Gowon Estate, àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì máa ń nasẹ̀ jáde nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n ti ń wọ̀ látìgbà iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n lọ̀ débi pé ojú ìlà rẹ̀ lè bẹ ọsàn. Mo tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn títí bàbá náà fi yíjú padà, tí wọ́n bi mí bóyá ọmọ wọn ló rán mi wá ṣọ́ wọn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìgándò ló fi ojú yìí sí mi lórí. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ wọn kí n tó gba òmìnira. Bí wọ́n bá rán wa lọ ra bọ́tìnì, a kì í tíì jókòó tán tí wọ́n á fi bi wá pé, "Kí lẹ rí lọ́nà?" Wọn ò fẹ́ gbọ́ ti ìjà, wọn ò fẹ́ gbọ́ ti ẹni tí wọ́n jí fóònù rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tó bá ní òun ò rí nǹkan kan, á padà sínú oòrùn lọ dúró títí á fi rí i. A máa ń kùn sí wọn nínú ikùn wa nígbà náà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tá a kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tójú rẹ̀ fọ́ sí aṣọ.

Òfin kan tún wà láàárín wa. Sítáìlì tó o bá rí lójú títì, tìrẹ ni, máa rán an lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ ara ọ̀gá lo ti rí i, o gbọ́dọ̀ sọ fáráyé pé ti ọ̀gá ni. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ọ̀gá tó sọ ọ́ di tiẹ̀, olè ni, a ò sì ní bá a jókòó jẹun.

Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, mo lọ kí ọ̀gá mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní iṣẹ́ ti kún ọwọ́ àwọn. Mo bá ìyá wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n ti sin ọmọ méjì, ọ̀gá mi nìkan ló kù fún wọn láyé. Látìgbà tá a ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń sọ fún wa pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n á sì nawọ́ sí ọ̀gá mi: "Ẹni tó máa sin mí nìyẹn. Ẹ má dààmú rẹ̀ fún mi o."

Ọ̀gá mi wà nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ti fọn, eegun ọrùn wọn ti yọ. Mo rí i, ó kàn jẹ́ pé kò dá nǹkan kan sí mi lọ́kàn ni. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ mà ti dínra kù o! Ẹ ti di ọmọge mọ́ wa lọ́wọ́, jàre." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá rí bùbá tó wà lọ́rùn wọn.

Bùbá àǹkárá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ là láti abíyá dé ìbàdí. Etí aṣọ kan tẹ́ lé èkejì níbẹ̀, okùn pẹlẹbẹ mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀, apá òsì sì fẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ dáadáa. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ara mi bù máṣọ. Mo tẹ ojú mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, mò ń fọkàn wọn ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Ọ̀gá mi dá ẹ̀rọ dúró. Wọn ò yí ara padà, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ kí n lè máa wò ó. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo bi wọ́n pé, "Ọ̀gá mi, yáàdì mélòó lẹ lò?"

Wọ́n ní, "Mẹ́ta. Ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù." Wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti rán méjì. Mo wọ ọ̀kan fún bèbí onígi tí mo fi ń pàtẹ aṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí Wásáàpù. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ ọpọlọ ọ̀gá mi ní Ìgándò ni, ẹni tó bá fẹ́ rí ojúlówó, kó lọ wò ó lára wọn. Mo júwe ṣọ́ọ̀bù wọn dé ẹnu ọ̀nà. Òfin wa ni mo tẹ̀lé, orí mi sì wú pé èmi lọmọ gidi, pé mi ò jẹ́ ṣe bí àwọn aláìmoore. Fọ́tò náà kúrò lọ́wọ́ mi, ó ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíì. Láàárín oṣù kan, àwọn oníbàárà ti ń bèèrè bùbá olókùn ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ tí mi ò mọ̀ rí ní Ìdímù àti lọ́nà Ìpájà. Mo ń yangàn. Títí dòní mo ṣì ń bá a pàdé lọ́rùn èèyàn, ó sì máa ń ṣe mí bíi kí n bọ́ sí òdìkejì títì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá mi pè mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Wá." Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìgándò. Lójú ọ̀nà, mo rò pé ìyìn ni wọ́n fẹ́ yìn mí. Mo tiẹ̀ ra búrẹ́dì.

Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Ọ̀gá mi jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi.

Aránṣọ méjì ló wá láti Ìdímù láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ní àwọn rí fọ́tò, àwọn fẹ́ rí ojúlówó. Àwa aránṣọ ní ìwà kan. Bá a bá rí aṣọ tuntun lọ́rùn ẹlẹgbẹ́ wa, inú rẹ̀ la máa ń yí síta wò, ká lè mọ bó ṣe pa ojú rírán rẹ̀ mọ́. A kì í tọrọ àyè. Èmi náà ti ṣe é fún àìmọye èèyàn, àwọn náà ti ṣe é fún mi, ẹ̀rín la máa ń fi rín. Bí ọ̀gá mi ṣe dìde láti kí wọn, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ti fa okùn òkè àti ti àárín, ó sì ti ṣí aṣọ. Báńdéèjì ló wà nínú rẹ̀, ó wé mọ́ àyà. Níbi tó yẹ kí ọmú òsì wà, pẹrẹsẹ ni. Obìnrin náà kígbe. Màmá sì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n máa ń wà, wọ́n yíjú sí igbe, wọ́n sì rí ohun tó wà níbẹ̀.

Jẹjẹrẹ ni. Nínú òjò ọdún tó kọjá yẹn ni dókítà gé e. Ọ̀gá mi sọ fún Màmá pé àwọn ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sì lò ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n dé, apá òsì wọn ò ṣeé gbé sókè mọ́, wọn ò lè gba orí wọ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò lè ní kí ìyá wọn wá bá àwọn wọ̀ ọ́. Ni wọ́n bá fi sísọ́ọ̀sì la bùbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi okùn sí i.

"Màmá ti sin méjì," ni ọ̀gá mi wí. "Mo ní bí Ọlọ́run bá wò mí sàn, wọn ò ní mọ̀ láéláé. Bí kò bá sì wò mí sàn, ó kéré tán, wọn ò ní máa ka ọjọ́ ikú mi lójoojúmọ́ kó tó dé. Ohun tí mo fẹ́ gbà nìyẹn. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ gbà."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ wọ́n nítorí fọ́tò, nítorí Wásáàpù, nítorí ẹnu mi tí kì í dákẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tó.

Wọ́n ní, "Dìde. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. O ò mọ̀, mi ò lè dá ẹ lẹ́bi. Ọjọ́ tó o wá, mo rí ojú rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo dá ẹ̀rọ dúró. Mo ní Alhamdulillāhi, ọmọ mi ti rí i, mo ti rí ẹni tí màá bá sọ ọ́. Oṣù méjì ni mo ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde. Mo ń dúró kó o sáà la ẹnu. O wá bi mí pé yáàdì mélòó."

Bí wọ́n bá gbá mi létí, ara ì bá tù mí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pe ara mi ní olójú tó ríran, ẹni tó bí ojú náà jókòó níwájú mi, ó ń rọ, mo sì ń ka okùn aṣọ rẹ̀. Ojú ń tì mí débi tí mi ò fi lè wo ògiri pàápàá.

Màmá pè láti inú yàrá. Látọjọ́ Àbámẹ́ta, omi nìkan ni wọ́n ń mu. Ọ̀gá mi ní kí n lọ dá wọn lóhùn, pé àwọn ò tíì lè dá wà pẹ̀lú wọn.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ìborùn bora dé ọrùn nínú ooru yẹn. Mo kúnlẹ̀. Mo ń dúró de èpè, mo sì ti múra láti ṣe àmín sí i.

"Ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ rí aṣọ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ó rẹwà lójú ẹ?"

Irọ́ ò ṣeé pa fún irú ojú yẹn. Mo ní, "Ó rẹwà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n mi orí. "Èmi tí mo bí i, mò ń jí rí i lójoojúmọ́. Ó rẹwà lójú èmi náà. Mo ní, 'Aṣọ yìí mà yẹ ọ́ o, ṣé o ò kúkú lè rán ti èmi náà?' Mo yọ ọ́ lẹ́nu bí ọmọ kékeré, mi ò jẹ́ kó simi. Ó ní kò burú."

Wọ́n sọ ìborùn sílẹ̀. Irú bùbá àǹkárá kan náà ló wà lọ́rùn wọn, lílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, okùn mẹ́ta, a rán an dáadáa, ojú rírán rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Mo ti ń fẹ́ bọ́ ọ látọjọ́ Àbámẹ́ta," ni Màmá wí. "Ọwọ́ mi ò ká a. Mi ò sì lè ní kí ọmọ mi wá bá mi tú u. Bá mi tú u."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Okùn ìsàlẹ̀ ti di kókó, ó pẹ́ kó tó tú.